Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ìyá Tàbí Ọmọ Bá Kú Ní Ilé Ìgbẹ̀bí

Àdúrà tí gbogbo wa ń gbà fún aboyún ni pé kí á gbóhùn ìyá, kí á gbóhùn ọmọ. Bí a bá wá gbọ́ ọ̀kan tí a kò gbọ́ èkejì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹbí á máa bi ara wọn lóru: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n rí ìdáhùn gbà, àmọ́ àwọn àṣìṣe kan wà tí kì í jẹ́ kí ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Èyí tó burú jù ni kí ilé ìwòsàn wádìí ara rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà, ọ̀gá rẹ̀, agbẹjọ́rò tí ilé ìwòsàn ń sanwó fún: ta ni nínú wọn ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwa la jẹ̀bi? Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọ́n sì ń bo ara wọn láṣìírí. Ní àwọn ilé ìwòsàn Shrewsbury àti Telford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Donna Ockenden, agbẹ̀bí àgbà kan, darí gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022. Nínú ikú ìyá 12 tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹyọ kan péré ni àwọn oníṣègùn láti ìta ti wádìí rí. Ìgbìmọ̀ náà ní ọmọ 201 ni ì bá ṣeé ṣe kó yè ká ní ìtọ́jú wọn péye. Òbí ọmọ méjì tó kú níbẹ̀ ló jà fitafita kí ìwádìí yẹn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Bí wọ́n bá ti gba "ẹ pẹ̀lẹ́, àmúwá Ọlọ́run ni" tí wọ́n sì lọ sílé, ta ni ì bá mọ̀?

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ará ìta ló ń wádìí, ẹ béèrè ẹni tó yàn án, ẹni tó ń sanwó rẹ̀, àti ẹni tó láṣẹ láti yí àbọ̀ rẹ̀ padà kó tó jáde. Ẹni tó wá láti ilé ìwòsàn mìíràn tó wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà kì í ṣe ará ìta.

Ìpàdé àyẹ̀wò ikú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gbà níyànjú wúlò púpọ̀. Níbẹ̀, wọn kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kí òṣìṣẹ́ lè sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò ìwádìí tí ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ sí.

Ẹ má fi falẹ̀ rárá, torí ẹ̀rí kì í dúró. Bébà tí ẹ̀rọ ń tẹ lílù ọkàn ọmọ sí lè ṣá títí tí kò ní ṣeé kà mọ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ibi ọmọ tí ì bá fi ohun tó pa á hàn, wọ́n ti dà á nù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ń wádìí gbọ́dọ̀ gba ojúlówó fáìlì, kì í ṣe ẹ̀dà, kó sì wò ó dáadáa. Bí ìwé ìrọbí bá fi hàn pé wọ́n ń yẹ ìyá wò ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí láti aago méjì òru títí di aago mẹ́fà, tí yíǹkì jẹ́ ọ̀kan náà, tí ìlà sì tò gbọọrọ bí ohun tí èèyàn jókòó kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó yẹ kó béèrè ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni, àkọsílẹ̀ ẹni tó yí nǹkan padà sábà máa ń wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò òkú náà, kí wọ́n tó sin ín ni o.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àbọ̀ ni wọ́n ti kọ tán láìbi ẹbí ní ọ̀rọ̀ kan. Ìyá tó bí aboyún náà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mọ iye ìgbà tí òun pe nọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò yọjú. Ẹ kọ àkókò sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹ má pa ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù rẹ́.

Ẹ má sì gbà kí wọ́n di gbogbo ẹrù náà ru agbẹ̀bí kan ṣoṣo. Aboyún mélòó ló ń tọ́jú lóru yẹn? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú fíríìjì? Ìṣẹ́jú mélòó ló kọjá láti ìgbà tó pe dókítà títí di ìgbà tí wọ́n gbé ìyá wọ tíátà? Bí wọ́n bá lé e, tí fíríìjì ṣì ṣófo, aboyún tó ń bọ̀ lọ́la ló máa bá a bẹ́ẹ̀.

Ní Ireland, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2019 sọ ọ́ di dandan kí kọ́rónà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ohun tó fa ikú, wádìí ikú ìyá ní gbangba, kó má jẹ́ pé ẹbí ló ń bẹ̀bẹ̀. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹ fi ìwé béèrè, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí àbọ̀ bá jáde, ẹ wò bóyá orúkọ ẹnìkan àti ọjọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbá kọ̀ọ̀kan. Tí oṣù mẹ́fà bá pé, ẹ padà lọ béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú fíríìjì yẹn.