Bí mo ṣe mú ìkìlọ̀ npm tó kọ̀ tí kò lọ kúrò

Npm ni irinṣẹ́ tó ń bá wa fa pákéèjì, ìyẹn kóòdù JavaScript tí àwọn ẹlòmíràn kọ, wọlé. Gbogbo ohun tó wà nínú package.json wa, fáìlì tí a kọ orúkọ àwọn pákéèjì tí à ń lò sí, ni mo ti sọ di tuntun, síbẹ̀ npm audit, àṣẹ tó ń wá pákéèjì tó léwu, ń kìlọ̀. Ìdí ni pé a ò kọ orúkọ pákéèjì tó léwu náà síbẹ̀ rárá. Pákéèjì mìíràn tí à ń lò ló fà á wọlé, ó sì so ó mọ́ ẹ̀dà àtijọ́ kan pàtó.

Mo tẹ npm ls pẹ̀lú orúkọ pákéèjì náà, ó fi ọ̀nà tó gbà wọlé hàn mí. Mo wá fi overrides, apá tó ń fi dandan yan ẹ̀dà tí npm máa lò, sínú package.json, mo kọ ẹ̀dà tí wọ́n ti tún ṣe síbẹ̀, mo ṣe npm install, mo sì dán gbogbo iṣẹ́ wa wò. Inú package.json ti iṣẹ́ yín gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí o. Npm kì í ka overrides tó wà nínú pákéèjì tí a fà wọlé.

Àwa nìkan nìyẹn gbà sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú pákéèjì àárín yẹn, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2024, àṣírí tú pé àárẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ ibi kan lò láti ráyè wọ inú XZ Utils, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Nítorí náà, mo fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i: ìlà kan, àbájáde ìdánwò, àlàyé ṣókí, kí yíyẹ̀ ẹ́ wò má baà gba àkókò rẹ̀. Nígbà tó gbé ẹ̀dà tuntun jáde, mo yọ overrides kúrò.