Bí mo ṣe lo oògùn TB fún oṣù 9 tí kíndìnrín tí àbúrò mi fún mi ò bàjẹ́

Ẹ má bínú, ó máa gùn díẹ̀ o. Lọ́dún 2021 ni mo ṣe transplant kíndìnrín, àbúrò mi obìnrin ló yọ̀ǹda ọ̀kan nínú tiẹ̀ fún mi. Oṣù 14 lẹ́yìn ẹ̀ ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lálaalẹ́, òógùn á bò mí débi pé mo ń pààrọ̀ síńgílẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì kílẹ̀ tó mọ́, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí mi, bẹ́ẹ̀ mi ò wúkọ́ rárá. Kílíníkì kan ládùúgbò wa ní ibà àti taifọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ títí, pàbó ló já sí.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ àwọn dókítà kíndìnrín mi, X-ray àyà ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n lọ yà. Wọ́n ní oògùn tá à ń lò kí ara má bàa kọ kíndìnrín tuntun máa ń sọ ara di aláìlágbára, kòkòrò TB tó ti lè máa sùn nínú ẹ̀dọ̀fóró láti ọdún gbọọrọ á wá jí, ó sì lè má mú ikọ́ wá rárá. Èmi tí mo ti ń ronú ta ló kó o ràn mí!

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò wá, wọ́n ní kí n máa fa èéfín omi oníyọ̀ látinú ẹ̀rọ kan títí díẹ̀ fi jáde. Wọ́n gbé e sínú GeneXpert, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá kòkòrò TB, ọjọ́ yẹn náà ni èsì dé: TB ni, àmọ́ oògùn tó ń jẹ́ rifampicin ṣì ká a. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ náà ṣe téèsì, kò sí nǹkan lára wọn, Ọlọ́run ṣeun.

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyí. Rifampicin yẹn ni baba nínú oògùn TB, àmọ́ ó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ sáré fọ́ tacrolimus dànù, tacrolimus sì ni ò jẹ́ kí ara mi lé kíndìnrín àbúrò mi jáde. Dókítà ní rifabutin, oògùn tó jọ rifampicin, kì í bá tacrolimus jà tó bẹ́ẹ̀, a wá a títí, a ò rí i rà. Torí náà kí n tó gbé oògùn TB àkọ́kọ́ mì ni wọ́n ti sọ tacrolimus mi láti 2mg di 4mg, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi ti já láti 7 sí 2.4. Ẹ̀rù bà mí o. A gbé e dé 6mg kó tó dúró. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wa ní oògùn TB, àmọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ló sọ mí di onígbèsè, torí tacrolimus tí mò ń lò fún oṣù kan tẹ́lẹ̀ di ti ọjọ́ 10, owó téèsì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tún wà ńbẹ̀.

Aago 5 ìdájí ni mò ń lo ti TB, inú òfìfo, pẹ̀lú vitamin B6 torí isoniazid, ọ̀kan nínú oògùn TB náà, lè mú kí ẹsẹ̀ máa ta bí abẹ́rẹ́. Tacrolimus, aago 8 àárọ̀, aago 8 alẹ́. Lọ́jọ́ téèsì, ẹ ò gbọdọ̀ lo ti àárọ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, èsì fò sókè, díẹ̀ ló kù kí wọ́n dín oògùn kù fún mi, àfìgbà tí mo jẹ́wọ́. Ìtọ̀ ńkọ́? Ọjọ́ tó kọ́kọ́ pọ́n bíi Fanta, mo pariwo ìyàwó mi láti inú tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì, mo rò pé kíndìnrín ti lọ. Rifampicin ló pa á láró, kò ṣe nǹkan.

Lẹ́yìn oṣù 2 wọ́n yọ méjì nínú oògùn TB mẹ́rin náà, pyrazinamide àti ethambutol (wọ́n ti ń yẹ ojú mi wò nítorí ethambutol, bóyá mo ṣì mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé), ó ku rifampicin àti isoniazid títí dé oṣù kẹsàn-án. Oṣù 6 làwọn míì ń lò, wọ́n ní tàwa tá a ṣe transplant sábà máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀.

Mo parí, mo pa adìyẹ, mo sinmi. Àṣìṣe ńlá. Wọ́n ti ní kí n ṣì máa wá fún téèsì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí tí rifampicin bá ti lọ, ẹ̀dọ̀ ò ní sáré fọ́ tacrolimus mọ́, 6mg yẹn á wá pọ̀jù. Mo fo ọ̀sẹ̀ 2. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mi ò lè da tíì sí kọ́ọ̀bù kó má dànù, creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga tí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa) ti gun 1.9, tacrolimus inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 18. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ kan, wọ́n wá rọra ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi padà sí 2mg.

Creatinine ti wà ní 1.3 báyìí. Àbúrò mi kì í béèrè àlàáfíà mi tó bá pè, "Bọ̀dá mi, kíndìnrín mi ńkọ́?" ló máa ń wí.