Bí a ṣe ń lo mastíhà, oje igi olóòórùn dídùn ti erékùṣù Chios

Àṣejù ló sábà máa ń ba mastíhà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì fi se oúnjẹ rí. Ìwọ̀nba díẹ̀ a máa mú kí búrẹ́dì ta sánsán. Bó bá ti lé, oúnjẹ á korò, á sì dà bí òògùn lẹ́nu.

Ìhà gúúsù erékùṣù Chios, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ni wọ́n ti ń kó oje yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ á gbá ìdí igi mọ́, wọ́n á da ẹfun lílọ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ṣá èèpo igi náà, kí oje lè kán sórí ẹfun, kó sì dì. “Omijé” ni wọ́n ń pe ẹyọ rẹ̀. Ẹ ra èyí tó mọ́ tó sì ń dán. Èyí tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀.

Lílọ̀ rẹ̀ gan-an ló gba sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú fírísà fún bí ìdajì wákàtí, torí pé ooru tí ọmọ odó ń mú wá ló ń sọ ọ́ di ate. Ẹ da ṣúgà díẹ̀ mọ́ ọn nínú odó kékeré (iyọ̀ ni, bó bá jẹ́ ọbẹ̀), kí ẹ sì máa gún un jẹ́jẹ́ títí yóò fi kúnná. Ààbọ̀ ṣíbí ìpotíì tó fún ìyẹ̀fun kílò kan, bí ẹ bá fẹ́ ṣe tsoureki, búrẹ́dì dídùn tí àwọn ará Gíríìsì máa ń jẹ nígbà Ọdún Àjíǹde. Ẹ má jù ú ní odidi sínú wàrà tó ń hó, nítorí pé ìsàlẹ̀ ìkòkò ni yóò lọ lẹ̀ mọ́.

Àwọn mìíràn a máa jẹ ẹ́ lásán, kí ẹnu wọn lè máa ta sánsán, kí inú wọn sì lè rọ̀. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń rí sí òògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí egbòogi ìbílẹ̀ fún oúnjẹ tí kò dà dáadáa, nígbà tí ìnira náà kò bá le. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́nu kí ẹ tó fi eyín kàn án. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gíláàsì.

Omi nìkan kò lè fọ odó náà mọ́. Òróró ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.