Ẹ̀yin tó fẹ́ ka sikolojí, ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìṣesí èèyàn, ẹ má ṣe báyìí o

Tí èsì báákì, ìdánwò àṣekágbá girama, bá ti jáde, fóònù mi ò ní í sinmi, ọmọ Àjàṣẹ́, ọmọ Kétu, gbogbo wọn á ní "ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ lọ ka sikolojí ní Yunifásítì Kàlàví, torí mo mọ èèyàn í bá sọ̀rọ̀". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ìyẹn wọlé. Ìṣirò sítátísíìkì ń bẹ níbẹ̀ gidi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá fún mátì tẹ́ ẹ fi ṣe báákì A, ti àwọn tó ń ka èdè àti lítíréṣọ̀, ó ti jókòó dè yín.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti lísáǹsì, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Ọdún mẹ́ta péré, ẹlòmíì ti lọ tẹ káàdì, "sikolọ́ọ̀gù" ló kọ sí i gàdàgbà! Lísáǹsì ò tíì sọ ẹ́ di nǹkan kan, àbúrò, ọdún méjì ti mástà ṣì wà níwájú, àti sítáàjì, ìyẹn ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ Faransé lò ń wò, òfin wọn ti wà láti 1985, ẹni tí ò bá ní mástà sikolojí ò gbọdọ̀ pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an, ọdún kejì ni mo tó mọ̀, mo sì ti sọ fún màmá mi pé ó ku ọdún kan kí n ṣí ọ́fíìsì sí Ouando ní Àjàṣẹ́, wọ́n ti ń wá ṣọ́ọ̀bù kiri.

Ẹ wo bàbá Grégoire Ahongbonon, ọmọ agbègbè Kétu, iṣẹ́ táyà ni wọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, àwọn ló ń tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn alárùn ọpọlọ kiri, wọn ò sì pe ara wọn ní sikolọ́ọ̀gù rí.

Sikiyátà tún yàtọ̀ o. Dókítà ni, ìmọ̀ ìṣègùn ló kọ́kọ́ kà, òun ló ń kọ oògùn. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ àwọn dókítà ilé ìwòsàn ọpọlọ Jacquot ní Kútọnu ló wù ẹ́, ibòmíì ni kó o forúkọ sílẹ̀ sí.

Àwọn tó ń pè é ní iṣẹ́ wèrè náà, ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Sikolọ́ọ̀gù wà ní ilé-ìwé lọ́dọ̀ ọmọ tí ìwé ò wọ̀ lórí, ó wà níbi tí wọ́n ti ń gbanisíṣẹ́, àwọn ONG, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, náà ń wá wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ará ilé yín kọ́ṣẹ́. Mo dán an wò lára tàńtí mi ní Kétu, mo ní ìbànújẹ́ ló fà á tí wọn ò fi ń sùn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé babaláwo tí ò ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni mo lọ kọ́ ní Kàlàví ni.