Bó o ṣe lè fi Python yan nǹkan ní random, kí ọ̀kan máa jáde ju èkejì lọ

Ká ní ò ń kọ géèmù, tẹ́ni tó ń gbá a bá ṣí àpótí, ó lè bá idẹ, fàdákà tàbí wúrà níbẹ̀. O fẹ́ kí idẹ jáde ní ìgbà 70 nínú 100, fàdákà 25, wúrà 5 péré. random.choice lásán, tó máa ń yan ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tó o bá fún un, ò lè bá ẹ ṣe é, torí bákan náà ló ń ṣe gbogbo wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń kọ rèé:

```
if random.random() < 0.70:
    ere = "idẹ"
elif random.random() < 0.25:
    ere = "fàdákà"
else:
    ere = "wúrà"
```

Jọ̀ọ́ má kọ ọ́ báyìí o. Nọ́ńbà kan láàárín 0 sí 1 ni random.random() máa ń mú. elif yẹn tún mú nọ́ńbà tuntun, ìgbà 30 tí idẹ ò jáde nìkan ló sì máa ń dé ibẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin 30 yẹn ni 0.25 sì máa mú, fàdákà wá di 7.5, wúrà kó 22.5 tó kù lọ, wúrà tó yẹ kó ṣọ̀wọ́n wá di ìlọ́po mẹ́ta fàdákà! Kọ̀ǹpútà ò sì ní sọ fún ẹ pé nǹkan kan ṣe, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kó o mú nọ́ńbà, fi sínú n, kó o wá máa ro ìwọ̀n wọn pọ̀ bó o ṣe ń lọ: tí n bá kéré sí 0.70, idẹ ni, tó bá kéré sí 0.95, fàdákà ni, èyí tó bá kù, wúrà ni. Àmọ́ láti Python 3.6 ni wọ́n ti ṣe é sílẹ̀ fún wa:

```
ere = random.choices(["idẹ", "fàdákà", "wúrà"], weights=[70, 25, 5])[0]
```

Má gbàgbé [0] yẹn, torí list, ìyẹn àkójọ, ló máa ń dá padà, [0] ló ń mú ohun àkọ́kọ́ inú ẹ̀. Ìwọ̀n ẹ ò sì ní láti pé 100, 14, 5, 1 máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Ti numpy, ìyẹn àkójọ irinṣẹ́ Python fún ìṣirò, ló yàtọ̀, ìwọ̀n tó o máa fi sínú p tiẹ̀ gbọ́dọ̀ pé 1 lápapọ̀.

Wá dán an wò, fi k=100000 sí i, kó lè yan nǹkan nígbà 100000, yọ [0] kúrò, kó o fi Counter, tó wà nínú collections ti Python, ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde. Idẹ máa wà ní àyíká 70000, kò ní pé géérégé, kò sì sí wàhálà. Má fi ìgbà 20 dán an wò, wúrà lè má yọjú rárá, wàá rò pé kóòdù ẹ ti bàjẹ́.

Tó bá jẹ́ password tàbí ohun tó kan owó lò ń ṣe, random.SystemRandom().choices ni kó o lò, torí èèyàn lè mọ èyí tí random lásán máa mú lẹ́yìn èyí tó ti rí.