Bí A Ṣe Ń Tọ Ìtàn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Brazil Dé Ìpìlẹ̀: Vasco da Gama Ni Àpẹẹrẹ

Orúkọ ni kí o kọ́kọ́ tú. Kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lódindi, kì í ṣe gígé tí wọ́n ń pè lórí rédíò. Orúkọ Vasco lódindi ni Club de Regatas Vasco da Gama. Regatas ni ìdíje ọkọ̀ títù lójú omi, ìyẹn ti jẹ́ kó o mọ̀ pé kì í ṣe tìtorí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1898 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Rio de Janeiro, ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ni wọ́n sì fi wà láìní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ọdún 1915 ni wọ́n gba Lusitânia, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ Portugal kan, mọ́ra, tí bọ́ọ̀lù fi wọlé.

Nítorí náà, ọjọ́ méjì ni kí o máa kọ: ọjọ́ ìdásílẹ̀, àti ọdún tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Vasco ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti 1898 ti ṣìnà láti ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Flamengo: 1895 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan fi ìbínú kúrò ní Fluminense ní 1911 (ẹgbẹ́ míì ní Rio) ni bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Ti Botafogo tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ ọkọ̀ títù ti 1894 wà lọ́tọ̀, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ti 1904 wà lọ́tọ̀, ọdún 1942 ni wọ́n tó di ọ̀kan. Bí o bá rí ọjọ́ ìbí méjì fún Botafogo, má ṣe pa ọ̀kan rẹ́.

Ọdún 1942 yẹn náà, fà á nílà. Brazil wọ ogun àgbáyé, ìjọba kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ilẹ̀ ọ̀tá mọ́. Ẹgbẹ́ méjì ló ń jẹ́ Palestra Itália nígbà náà: èyí tó wà ní São Paulo di Palmeiras, èyí tó wà ní Belo Horizonte di Cruzeiro. Bí o bá ń wá Cruzeiro nínú ìwé ìròyìn ọdún 1930, o ò ní rí i.

Lẹ́yìn orúkọ, ó kan àmì. Fi ojú rẹ sún mọ́ ti Vasco: ọkọ̀ onígbòkun kan lórí ojú dúdú, pẹ̀lú ọ̀já funfun tó dábùú láti òkè wá sísàlẹ̀, àti àgbélébùú pupa lára ìgbòkun. Ọkọ̀ náà ń tọ́ka sí Vasco da Gama, atukọ̀ ọmọ Portugal tó gúnlẹ̀ sí India ní 1498. Ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àgbélébùú yẹn ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Cruz de Malta ni àwọn olólùfẹ́ ń pè é, ibẹ̀ sì ni oríkì Cruzmaltino ti wá. Àmọ́ àgbélébùú Malta gan-an ní ṣóńṣó mẹ́jọ, apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan là bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ti Vasco kò là, ó kàn fẹ̀ síta ni. Èyí tí àwọn ọkọ̀ Portugal ayé ọjọ́un sì máa ń gbé ni ti Ordem de Cristo, ẹgbẹ́ ajagun ẹlẹ́sìn Kristi ní Portugal. Má torí ìyẹn bá olólùfẹ́ jà o. Kọ ohun tí wọ́n ń pè é, kí o sì kọ ohun tí ojú rí.

Ibi tó yẹ kí o lo àkókò jù ni 1923 sí 1924, torí ibẹ̀ ni ìwà ẹgbẹ́ yìí ti hàn. Ní 1923, ọdún kìíní Vasco ní ìpele àkọ́kọ́ ní Rio, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn aláwọ̀ àdàlù àti àwọn òṣìṣẹ́ tálákà. Camisas Negras, aláṣọ dúdú, ni wọ́n ń pè wọ́n. Inú àwọn ẹgbẹ́ ńlá kò dùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá àjọ tuntun kan sílẹ̀, AMEA, tí àjọ náà sì ní kí Vasco yọ agbábọ́ọ̀lù méjìlá kúrò kó tó lè wọlé. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1924, ààrẹ ẹgbẹ́, José Augusto Prestes, fọwọ́ sí lẹ́tà kan: Vasco kò ní yọ ẹnikẹ́ni, kò sì ní wọ AMEA. Lẹ́tà náà ni wọ́n ń pè ní Resposta Histórica títí dòní.

Àṣìṣe méjì ló máa ń bá apá yìí rìn. Àkọ́kọ́, wọ́n á ní Vasco ló kọ́kọ́ lo aláwọ̀ dúdú. Rárá o. Francisco Carregal, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ti wà nínú ẹgbẹ́ Bangu ní 1905. Ohun tí Vasco ṣe ni pé ó fi wọ́n gba ife, ó sì kọ̀ láti lé wọn. Èkejì, wọ́n á kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló gba ife ní 1924. Líìgì méjì ni Rio ní lọ́dún yẹn: Fluminense gba ti AMEA, Vasco gba ti LMDT, líìgì àtijọ́. Ọdún 1925 ni Vasco tó wọ AMEA.

Tó bá kan ife ẹ̀yẹ, fa ìlà mẹ́ta: ìpínlẹ̀, orílẹ̀-èdè, South America. Má da wọ́n pọ̀. Vasco gba líìgì Brazil ní 1974, 1989, 1997 àti 2000, Copa do Brasil (ife orílẹ̀-èdè) ní 2011, Libertadores (ife àwọn ẹgbẹ́ South America) ní 1998, ọdún tó pé ọgọ́rùn-ún. Ìdíje àwọn akọni South America tó gbà ní Chile ní 1948 kì í ṣe Libertadores, torí Libertadores kò tíì sí nígbà náà. Ti 2000 náà fẹ́ àlàyé: wọ́n dá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá pẹ̀lú São Caetano dúró ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá nígbà tí ọgbà ìdènà ibi ìjókòó òǹwòran wó ní São Januário, pápá Vasco. Ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2001 ni wọ́n tún un gbá ní Maracanã, Vasco sì borí pẹ̀lú 3–1. Ọdún ìdíje ni kí o kọ, kì í ṣe ọdún tí wọ́n gbé ife.

Fún ẹgbẹ́ míì, wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé tí ò ń kà. Ní oṣù kejìlá 2010 ni CBF, àjọ bọ́ọ̀lù Brazil, ka àwọn ìdíje 1959 sí 1970 mọ́ líìgì Brazil. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ti Santos fò láti méjì sí mẹ́jọ. Palmeiras náà di ẹlẹ́ẹ̀mẹjọ, ó sì gba méjì nínú ọdún kan ṣoṣo, 1967. Ìwé méjì tí iye wọn kò bára mu lè jẹ́ òótọ́ méjèèjì.

Pápá ìṣeré, wéré: kọ orúkọ ìwé àti orúkọ ẹnu. São Januário jẹ́ Estádio Vasco da Gama nínú ìwé. Ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 1927 ni wọ́n ṣí i, owó tí àwọn olólùfẹ́ dá ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Àlejò ló jẹ àsè ọjọ́ náà: Santos borí pẹ̀lú 5–3.

Láti yẹ gbogbo èyí wò, Hemeroteca Digital ti ilé ìkàwé ìjọba Brazil kò gba owó. Mú ọdún kọ́kọ́, kí o tó mú ìwé ìròyìn, lẹ́yìn náà ni kí o tẹ ọ̀rọ̀. Fi àkọtọ́ àtijọ́ wá a: foot-ball pẹ̀lú àmì ìsopọ̀, Athletico pẹ̀lú th, Victoria pẹ̀lú c. Bí o bá tẹ futebol fún 1910, díẹ̀ ni yóò jáde, wàá sì rò pé wọn kò kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹta ti wà báyìí tó yẹ kó wọ àkọsílẹ̀ rẹ. Òfin 14.193 ti 2021 gba ẹgbẹ́ láyè láti ya bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ di ilé-iṣẹ́ tí a lè tà, èyí tí wọ́n ń pè ní SAF. Vasco ṣe é ní 2022. Ẹgbẹ́ ti 1898 ṣì wà láàyè, ilé-iṣẹ́ ló ń bójú tó bọ́ọ̀lù. Bí o bá ń kọ nípa gbèsè, ààrẹ tàbí ẹni tó ni ẹgbẹ́ lẹ́yìn 2022, sọ èyí tí ò ń wí nínú méjèèjì.