Bí mo ṣe wá íntánẹ́ẹ̀tì bákọ́ọ̀pù tí ò wọ́n fún ẹgbẹ́ chess wa ní Ìkòròdú

Ẹgbẹ́ kékeré la ní, yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítòsí Ṣágámù Road, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwa àgbà díẹ̀ là ń bójú tó wọn. Ní Ìkòròdú níbí tí ẹ bá ti dárúkọ chess, Tunde Onakoya ni gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ rántí, torí ìlú yìí ló ti dàgbà, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun, ìgbà tó wá fi wákàtí 60 ta chess ní Times Square ní New York lóṣù Kẹrin 2024, àwọn òbí tó ti ń sọ pé eré lásán ni bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara wọn mú ọmọ wá bá wa.

Sátidé la máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ ìlú mìíràn ta lórí Lichess, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ta chess lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni Lichess, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá já, aago yín ò ní dúró o, á ṣì máa kà lọ, tó bá tún pẹ́ díẹ̀ wọ́n á fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta láyè kó sọ pé òun ti borí. Ọmọbìnrin kan wà tó ti jẹ ayaba ẹni kejì, ó ku díẹ̀ kó pa ọba, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kàn dúró gbagidi, ó ń pariwo "Bọ̀ọ̀dá kóòṣì, ó ti dúró o, kò lọ mọ́!" Ó pàdánù eré yẹn. Mi ò lè gbà kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ múra sílẹ̀.

Wáífáì tá à ń lò, ọ́fíìsì kan nísàlẹ̀ ló ń pín in fún wa, a máa ń dá owó fún wọn lóṣooṣù, ó dáa tó bá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá ń tún títì ṣe báyìí, kátápílà lè gé fáíbà, ìyẹn wáyà abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, nígbàkigbà. Ẹnì kan dábàá Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tinú sátẹ́láìtì wá, ó ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kìíní 2023, ó sì dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ ẹ̀ àti owó oṣooṣù ẹ̀ ju agbára ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ń san ₦1,000 lóṣù lọ. Ó wá ku síìmù.

Kí n tó ná kọ́bọ̀, mo kọ́kọ́ wo iye dátà tí eré wa ń jẹ gan-an, torí tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù láì mọ̀ ọ́n, ráútà ńlá àti dátà ńlá ló máa tà fún yín. Nínú settings fóònù Android, ibi tí wọ́n ti ń ka dátà, ẹ máa rí iye tí áàpù kọ̀ọ̀kan jẹ. Fóònù tí wọ́n fi ta láti aago mẹ́ta títí dé mẹ́fà, Lichess ò jẹ ju nǹkan bíi 20 MB lọ nínú ẹ̀, torí kò gbé fídíò kankan, ibi tẹ́ ẹ sún ọmọ ayò sí nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀. Àmọ́ fóònù yẹn kan náà, áàpù tó ń ṣe update fúnra wọn pẹ̀lú fídíò Facebook tó ń ṣí fúnra ẹ̀ ti jẹ ju 700 MB lọ! Ibẹ̀ ló ti yé mi pé dátà rẹpẹtẹ kọ́ là ń wá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ò ní bá wáífáì lọ lẹ́ẹ̀kan náà là ń wá.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí wáífáì bá ti jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan, kí àwọn ṣáà ra síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn, ó tán. Kò tán o. Lórílẹ̀-èdè yìí ọ̀pọ̀ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe ti àwọn tó ń ta síìmù, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi IHS àti ATC ló ni wọ́n, àwọn tó ń ta síìmù wá ń háyà àyè lórí ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì lè wà lórí òpó kan ṣoṣo kí wọ́n jọ máa lo jẹ́nẹ́rétọ̀ kan náà, bí ayálégbé méjì tó ń fa omi kànga kan, ọjọ́ tí kànga bá gbẹ àwọn méjèèjì ló máa gbé korobá jáde. Fáíbà tí kátápílà gé yẹn náà, òun ni òpó mìíràn náà fi ń rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n látẹnu ẹni tó ń tajà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo so ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo ní kí gbogbo àgbà tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí wáífáì bá lọ tan dátà tara ẹ̀, kó ṣí Lichess, kó kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́, aago, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo, ó lọ àbí kò lọ. Nígbà tí ìwé yẹn fi máa kún, síìmù tí gbogbo èèyàn ń yìn torí pé ó yára ní Gárééjì, òun ló máa ń bá wáífáì kú, èyí tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló ń dúró. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí èyí tó dúró lọ́dọ̀ wa lè má dúró ní Ìgbógbó tàbí Ìjẹ̀dè, ẹ kọ ìwé tiyín.

Ọ̀kan wà ṣá tó ju agbára gbogbo wa lọ, bíi ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ lápá Abidjan, síìmù tẹ́ ẹ fi ṣe bákọ́ọ̀pù lè fara gbá irú ẹ̀ bó ti wù kí òpó ẹ̀ jìnnà sí ti èkíní tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá àyè tí MáìFáì, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba síìmù tó sì ń pín wáífáì, máa jókòó sí. Kò gba áàpù kankan, nínú About phone, ibi tí wọ́n kọ SIM status sí, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tó ní dBm lẹ́yìn, òun ló ń sọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó, bó bá ṣe ń súnmọ́ òdo ló ṣe dáa tó. Láàárín yàrá wa ó jẹ́ -116, eré á máa já. Mo gbé fóònù rìn káàkiri, lójú fèrèsé tó kọjú sẹ́yìnkùlé ó di -97. Fèrèsé yẹn la gbé MáìFáì sí, a fi rọ́bà dè é mọ́ irin ojú fèrèsé lápá inú kí òjò má bàa kàn án.

MáìFáì àlòkù la rà, lọ́jà Sábó. Ẹni tó ń tà á pè é ní ₦22,000, a ná an wálẹ̀ dé ₦17,000. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé "ẹ̀gbọ́n, gbogbo síìmù ló ń gbà," ẹ ki síìmù yín bọ̀ ọ́ níbẹ̀ lójú wọn, kẹ́ ẹ ṣí nǹkan lórí ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti lọ́ọ̀kì mọ́ síìmù ilé-iṣẹ́ kan. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ náà, tí bátìrì bá ti wú, ẹ dá a padà. Ẹni tí ò lówó tó bẹ́ẹ̀, fóònù àtijọ́ tí ojú ẹ̀ ti sán àmọ́ tí bátìrì ẹ̀ dáa, hotspot ẹ̀ á gbé ọmọ márùn-ún dáadáa.

Orúkọ akápò wa la fi gba síìmù, pẹ̀lú NIN ẹ̀. Dátà oṣooṣù tó kéré jù la ń rà, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan tó ń yáni lójú, torí bákọ́ọ̀pù lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ni kẹ́ni má fọwọ́ kàn án, látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, sì ti fọwọ́ sí àfikún owó dátà lóṣù Kìíní 2025, dátà tó bá gbẹ dànù ń dunni. *312# lẹ fi ń ra dátà, *323# lẹ fi ń wo èyí tó kù, bákan náà ni lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Pásíwọ́ọ̀dù MáìFáì náà, inú tábúlẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ àti fóònù tèmi nìkan ló wà, a sì ti pa update lórí gbogbo wọn.

A dán an wò. Láàárín eré ìdánrawò ni mo pa wáífáì láì sọ fún wọn. Àwọn ọmọ yí sí MáìFáì, wọ́n ṣí Lichess padà, ó gbé wọn sínú eré kan náà níbi tí wọ́n bá a dé, ẹni tó pẹ́ jù ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Láti ìgbà yẹn wáífáì ti já lójú ìdíje, a ò tíì pàdánù eré kankan sí i.

Síìmù tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ tí kò sí owó tó wọlé tó jáde lórí ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, òfin NCC gbà kí wọ́n ti í pa, tó bá tún di oṣù mẹ́fà mìíràn ẹ lè pàdánù nọ́ńbà náà pátápátá, torí náà akápò ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ pé ọjọ́ kìíní oṣù ni kí wọ́n máa ra dátà sí i, yálà wáífáì já lóṣù yẹn àbí kò já.